Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọrùn gráfáìtì lára jìtá béèsì tí a tò nílé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń ta jìtá béèsì ní ìjọ wa ní Kubwa. Èmi fúnra mi ni mo to jìtá tí mò ń lò: káfíńtà kan ní Dei-Dei ló bá mi gé ara rẹ̀ láti inú pákó ọ̀gànwó, mo ra bíríìjì (irin tí okùn jókòó lé lára jìtá) àti píkọ́ọ̀pù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn okùn) lọ́tọ̀, mo sì yọ ọrùn igi kúrò lára jìtá àtijọ́ kan láti fi parí rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti wọlé báyìí, ọrùn náà á tẹ̀, ẹnu fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn, á sì máa gé mi níka. Ọ̀pá irin inú ọrùn tí a fi ń tún un ṣe kò yí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìlú Òyìnbó wá fi ọrùn gráfáìtì kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ẹnì kan rà tí kò lò. Kò sí ihò sukúrù kankan ní ìdí rẹ̀, kò sì ní ọ̀pá irin nínú. Nígbà tí mo gbé e sójú ibi tí ọrùn àtijọ́ wà, kò wọlé. Ó fi nǹkan bíi mìlímítà kan fẹ̀ jù. Ṣé kí n fi sáńpépà dín ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kù ni? Ṣé sukúrù yóò dì í mú bí ó ṣe ń di igi mú? Ṣé lóòótọ́ sì ni pé ọyẹ́ kò ní rí i gbé ṣe mọ́? — Oníbéèsì, Kubwa, Abuja.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó gbé sáńpépà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin, kódà bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ni pé ara jìtá ni a máa ń gé kí ó bá ọrùn gráfáìtì mu. A kì í gé ọrùn kí ó bá ara mu. Pákó ọ̀gànwó tí ẹ bá gé jù ṣeé fi pákó mìíràn lẹ̀, káfíńtà tó mọṣẹ́ á sì lẹ̀ ẹ́ tí ojú kò ní rí i. Ọrùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe igi rárá. Fọ́nrán káábọ̀nù ni, èyí tó tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, tí a tò jọ láti orí dé ìdí, tí a fi gúlùú líle irú ti Araldite so pọ̀, tí a sì fi ooru mú le nínú ohun tí a fi mọ ọ́n. Ibi tí agbára rẹ̀ wà ni pé fọ́nrán wọ̀nyẹn gùn láìjá. Bí ẹ bá ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ń gé fọ́nrán, ẹ sì ń ṣí ojú gúlùú náà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gé e jù, kò sí ohun tí ẹ lè fi dí i tí yóò padà rí bí ó ti wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọyẹ́, nítorí òun ló gbé yín dé ibi tí ẹ wà yìí, òun náà ló sì yẹ kí ó darí bí ẹ óò ṣe gé pákó yín. Igi a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, a sì máa tú u sílẹ̀. Nígbà òjò, ó máa ń wú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ó máa ń sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìbú rẹ̀ ló máa ń dín. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fírẹ́ẹ̀tì fi ń gé yín níka: irin kò gùn sí i, igi tó gbé e dání ló dín kù lábẹ́ rẹ̀. Gráfáìtì kì í mu omi bí igi ti ń mu ún, nítorí náà fírẹ́ẹ̀tì kò ní yọrí síta mọ́, ọrùn kò sì ní máa tẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá ṣe ń yí.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ títúnù, ìyẹn títo ohùn okùn sípò. Okùn yín ṣì jẹ́ irin. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú un, yóò gùn díẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Bí òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ bá mú un, yóò sún kì, ohùn yóò sì gòkè. Fọ́nrán káábọ̀nù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tàbí kúrú nínú ooru àti òtútù, nítorí náà kò ní bá okùn rìn rárá. Bí jìtá bá ti inú bùútù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn bọ́ sínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, ẹ fún un láàyè díẹ̀, kí ẹ tó túnù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí ọrùn yín jẹ́ igi, ọrùn àti ara jọ ń wú, wọ́n sì jọ ń sún kì. Ní báyìí, ara nìkan ni yóò máa sún kì. Ìdí ọrùn gráfáìtì yóò dúró bí ó ti wà. Nínú àpò ọrùn, ìyẹn kòtò tí ìdí ọrùn ń wọ̀, ìbú kòtò náà ló lọ ní ìdábùú ojú igi, apá ibẹ̀ gan-an ni ó sì máa ń dín kù nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá gé àpò náà ní oṣù kẹjọ, nígbà tí pákó ti mu omi yó, tí ẹ sì gé e kí ó há pinpin, nígbà tí oṣù kìíní bá fi dé, pákó yóò fún ohun tí kò lè fún pọ̀, igun àpò náà lè là, kun orí rẹ̀ á sì sán. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí àyè tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà wà lápapọ̀. Bí ó bá jẹ́ nínú ọyẹ́, àyè tí ìwé pẹlẹbẹ kan lè gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ má bẹ̀rù àyè náà. Sukúrù mẹ́rin tó fa ìdí ọrùn mọ́ ilẹ̀ àpò ló ń dì í mú. Ẹ̀gbẹ́ àpò kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni.

Bí ẹ óò ṣe fẹ̀ ẹ́ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo inú àpò náà dáadáa: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kun àti fáníìṣì ti gbára jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a bá sì fi ojú ọ̀bẹ ha á kúrò, ìdajì wàhálà náà á tán. Ìyókù, ẹ fi gúlùú lẹ sáńpépà mọ́ igi pẹlẹbẹ kan tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ máa fi ha á díẹ̀díẹ̀, kí igun àpò má bàa yípo. Ìdí ọrùn béèsì tó tẹ̀lé àpẹẹrẹ Fender máa ń fẹ̀ tó íńṣì 2.5, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 63.5, ṣùgbọ́n ọrùn tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe iye tí mo kọ síhìn-ín.

Ẹ má ṣe kàn pín mìlímítà kan yẹn sọ́tùn-ún sósì. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ kí a ha. Ẹ so òwú méjì mọ́ kọ́kọ́rọ́ okùn E (èyí tó nípọn jù) àti ti okùn G (èyí tó fẹ́lẹ́ jù), kí ẹ gbà wọ́n kọjá lórí egungun kékeré tó wà lókè ọrùn, kí ẹ fà wọ́n le dé orí ìjókòó wọn ní bíríìjì, nígbà tí ọrùn ṣì dúró lórí àpò tí kò tíì wọlé. Kí ẹ wá wo ibi tí fírẹ́ẹ̀tì parí sí: ó yẹ kí àyè tó wà láàárín òwú E àti etí ọrùn bá ti òwú G dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ ti ìdí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi dọ́gba, kí ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sára àpò. Ìlà yẹn ni yóò sọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa ha.

Ní ti gígùn, ẹ wọn láti egungun orí ọrùn dé orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Bí ọrùn náà bá jẹ́ ti íńṣì 34, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ béèsì ti rí láti ìgbà tí Fender ti gbé tirẹ̀ jáde ní 1951, ẹ óò bá íńṣì 17, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 432. Iye kan náà ló gbọ́dọ̀ wà láti fírẹ́ẹ̀tì kejìlá yẹn dé ìjókòó okùn G lórí bíríìjì nígbà tí ẹ bá ti sún ìjókòó náà síwájú dé ibi tó kù díẹ̀ kí ó tán. Ti okùn E yóò fi mìlímítà mélòó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ó nípọn. Ọrùn yín àtijọ́ ti ara jìtá mìíràn wá, kò sì dájú pé ìdí rẹ̀ gùn bákan náà pẹ̀lú tuntun yìí. Bí ìyàtọ̀ bá ju ohun tí ìjókòó okùn lè gbà lọ, bíríìjì ni kí ẹ ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹ má ṣe gé ìdí ọrùn.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ sukúrù kàn, ibẹ̀ ni ọkàn mi sì ti ń kó sókè fún ẹni tó bá ń kánjú. Ihò tó wà lára jìtá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí sukúrù máa gbà á kọjá láìfọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́. Bí ara bá di sukúrù mú, kò ní jẹ́ kí ó fa ọrùn mọ́lẹ̀, àlàfo á sì wà láàárín wọn títí. Fún sukúrù ọrùn tó wọ́pọ̀, mìlímítà 4.5 dára fún ihò ara. Ẹ fi kíláǹpù di ọrùn mọ́ inú àpò, kí ẹ fi awọ tàbí aṣọ sábẹ́ ẹnu kíláǹpù náà. Ẹ fi okùn E àti G gidi sí i báyìí, kí ẹ fà wọ́n díẹ̀, kí ẹ sì tún wo ojú ìlà wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó bá dá yín lójú, ẹ mú ẹnu dírílì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò ara, ẹ ti ẹ̀yìn jìtá fi í bọ inú ihò náà, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí i títí yóò fi dá àmì sí ìdí ọrùn. Ọwọ́ lásán ni mo wí o, ẹ má tíì tan dírílì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọrùn, kí ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó lù ú. Bí ara bá nípọn tó mìlímítà 45, tí àpò sì jìn tó 16, pákó tó kù lábẹ́ àpò jẹ́ 29. Ẹ fi 2 kún un fún pátákó irin ẹ̀yìn tí orí sukúrù ń jókòó lé. Sukúrù tó gùn tó 45 yóò wá fi nǹkan bíi mìlímítà 14 wọ inú ọrùn. Ìdí ọrùn sì máa ń nípọn tó nǹkan bíi 25, nítorí náà ẹ̀rù kò sí, bí ó bá ti jẹ́ pé ẹ wọn tiyín, kí ẹ má bàa lu pátákó ìka jáde. Ẹ fi sẹ́lótéèpù sàmì sí ẹnu dírílì níbi tó yẹ kí ó dúró. Ẹnu dírílì tuntun tó mú ni kí ẹ lò, nítorí pé káábọ̀nù máa ń tètè sọ irin di kúńdú. Ìyára dírílì kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ẹ béèrè bóyá sukúrù yóò dì í mú. Ó ń dì í mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ti igi. Igi máa ń jẹ́ kí eyín sukúrù rì wọ inú rẹ̀. Gráfáìtì kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ihò bá sì kéré, ó lè là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tàbí kí orí sukúrù já. Bí ẹ óò bá lo sukúrù igi, ẹ jẹ́ kí ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà 3.5, ẹ fi ọṣẹ pa sukúrù, ẹ wọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbá eruku inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi fara mọ́ jù lọ ni ihò onírin: ọ̀pọ́n idẹ kékeré tó ní eyín nínú, irú èyí tí a ń rí nínú àwọn àga àti bẹ́ẹ̀dì tí a lè tú palẹ̀. A óò lu ihò tó gba ọ̀pọ́n náà, a óò fi Araldite tó ń pẹ́ gbẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, a óò sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí bóòtù irin tó wọ inú rẹ̀. Ọrùn tí a bá ṣe báyìí, ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ni ẹ lè tú u kí ẹ sì tún un dì, ihò rẹ̀ kò ní jẹ. Kí ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá inú ìdí rẹ̀ kún lódindi, nítorí pé ọrùn gráfáìtì mìíràn ní ihò nínú tàbí kí wọ́n fi ohun fífúyẹ́ kún un.

Mo bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ eruku. Eruku káábọ̀nù máa ń yún ara, ó ń ta ojú, kò sì dára kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ̀yìn yín kọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ sì wọ ìbòmú tó dára pẹ̀lú awò tó bo ojú. Ẹ fi omi díẹ̀ tutù sí ojú ibi tí ẹ ń lù, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu eruku náà dípò kí ẹ fẹ́ ẹ. Eruku yìí tún máa ń gbé iná kọjá. Ẹ gbé píkọ́ọ̀pù, ámúpilífáyà àti dírílì tí ẹ kò lò jìnnà síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, lára béèsì mi, okùn G kì í pẹ́ dún ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún sí ìkeje, ohùn á kàn kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọrùn gráfáìtì nìkan ló lè wò ó sàn, àmọ́ ẹlòmíràn ní ohùn rẹ̀ kò ní dùn nínú orin jùjú. — Kaduna.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ọrùn gígùn náà máa ń gbọ̀n, bí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ bá sì bá ti okùn mu ní ojú kan, ọrùn á fa agbára okùn mọ́ra, ohùn á sì kú. Ẹ fi kíláǹpù kékeré kan, pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ rẹ̀, di orí jìtá, kí ẹ tún ta ojú ibẹ̀. Bí ibi tí ohùn ti ń kú bá ṣí lọ sí fírẹ́ẹ̀tì mìíràn, ọrùn ni ó fà á. Gráfáìtì le ju igi lọ, kò sì wúwo ju bí ó ti le lọ, nítorí náà ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ máa ń gòkè kúrò lójú ibẹ̀, tí ohùn òkú náà á sì dín kù gan-an. Nítorí irú agbára yìí ni Geoff Gould, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ford Aerospace ní California, ṣe mú káábọ̀nù wá sínú iṣẹ́ jìtá, tó sì bá àwọn mìíràn dá ilé iṣẹ́ Modulus Graphite sílẹ̀ ní 1978. Ní nǹkan bí 1980, Ned Steinberger ti ń fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe odindi béèsì tí kò ní orí.

Ní ti ohùn, yóò mọ́, yóò sì pẹ́ kí ó tó lọ sílẹ̀. Nínú jùjú, níbi tí béèsì ti gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ìlù láti sọ̀rọ̀, ohùn tó pẹ́ jù lè di ìdíwọ́. Ẹ lo okùn tí ara rẹ̀ dán, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan okùn nítòsí bíríìjì bí ẹ ṣe ń ta á, ọ̀rọ̀ náà á sì bọ́ sípò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fi ọrùn gráfáìtì sí tèmi, kò ní ọ̀pá irin nínú. Nígbà tí mo pààrọ̀ okùn sí èyí tó fẹ́lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún jẹ́jẹ́jẹ́ lórí fírẹ́ẹ̀tì. Kí ni mo lè ṣe nígbà tí kò sí ohun tí mo lè yí? — Nyanya.

ÌDÁHÙN: Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ máa ń fi agbára tó ju kílò 70 lọ fa ọrùn. Ẹni tó mọ ọrùn yín fi irú agbára kan sọ́kàn, kí ọrùn lè tẹ̀ síwájú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Okùn fífẹ́lẹ́ kò fà á tó, nítorí náà ọrùn náà dúró gbọnrangandan, okùn sì ń lu fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì keje. Bíi mìlímítà 0.3 ló dára. Bí okùn bá fara kan fírẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ẹ padà sí okùn tó nípọn díẹ̀, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 45 dé 105 (ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì ni a fi ń wọn ìnípọn okùn), kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Bí àyè bá wà, tí ó sì ń dún síbẹ̀, ẹ gbé ìjókòó okùn sókè ní bíríìjì títí okùn E yóò fi ga tó mìlímítà 2.4 lórí fírẹ́ẹ̀tì kẹtàdínlógún, kí okùn G sì ga tó 2. Bí ìjókòó bá ti ga dé òpin tí okùn ṣì lọ sílẹ̀ jù, ìdí ọrùn ga jù nínú àpò nìyẹn: ẹ yọ ọrùn, kí ẹ ha gbogbo ilẹ̀ àpò dọ́gba díẹ̀díẹ̀ kí ó lè jìn sí i. Ẹ má ṣe ki páálí kékeré sí eteetí kan ṣoṣo, nítorí pé àlàfo á wà lábẹ́ ìyókù. Bí ó bá jẹ́ pé ojú fírẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì nìkan ló ń dún, fírẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ló ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ fírẹ́ẹ̀tì fáìlì, kí ẹ sì sọ fún un pé kò sí ọ̀pá irin nínú ọrùn náà, kí ó lè mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan fáìlì pé fírẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè tún ṣe.